Díìsìkì Tí Kò Ní Lẹ́tà

Ọ̀pọ̀ ń béèrè ìdí tí díìsìkì kọ̀ǹpútà Windows fi ń bẹ̀rẹ̀ láti orí C. Ní 1974, Gary Kildall ṣe CP/M ní Amẹ́ríkà, lẹ́tà ló sì fi ń pe díìsìkì. Kọ̀ǹpútà IBM ti 1981 jogún àṣà náà: díìsìkì pẹlẹbẹ ló ni A àti B. Nígbà tí PC XT gbé hard disk dé ní 1983, C ló kàn.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà kì í ṣe orúkọ àbísọ. Àga lásán ni, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń jókòó. Díìsìkì tó jẹ́ E lánàá lè di F lónìí nítorí flash kan ṣoṣo, àṣẹ tó yẹ kó nu díìsìkì òfìfo yóò sì nu àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá. Lẹ́tà 26 péré ló sì wà.

Unix kò tilẹ̀ bá wọn dá irú àṣà yìí rí. Windows 2000 ni Microsoft tó wá ojútùú: ẹni tó bá tẹ mountvol yóò rí orúkọ gígùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú \\?\Volume, èyí tí kì í yí padà bí lẹ́tà bá tilẹ̀ yí. Àṣẹ kan náà lè so díìsìkì mọ́ fódà òfìfo lórí NTFS, láìsí lẹ́tà kankan.