Ta Ló Gbọ́ Orin Náà? Àyẹ̀wò Ìran Olórin Nínú Fíìmù Yorùbá

Akẹgbẹ́ wa kan dìde níbi àpérò kan lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ó ti awò ojú rẹ̀ sókè, ó ní Yorùbá kò ní fíìmù olórin. Ó ní èyí tí a ń pariwo rẹ̀, fíìmù Íńdíà tí wọ́n wọ bùbá àti ṣòkòtò fún ni. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ yìí ò pàtẹ́wọ́. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, láti Ìtagunmódì nítòsí Iléṣà, ìlú tí wúrà abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ àti ilẹ̀ pupa tí kòkó fẹ́ràn sọ di olórúkọ láàárín àwọn onímọ̀ ilẹ̀. Ìjẹ̀ṣà sì mọ bí Òṣómàáló ṣe ń sin gbèsè: yóò ṣó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè ni, kò ní jókòó, kò sì ní kúrò níbẹ̀ tí owó kò bá tíì pé. Àpilẹ̀kọ yìí ti ṣó.

Fíìmù olórin, ní kúkúrú, ni fíìmù tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń kọrin, tí orin sì ń bá wọn gbé ìtàn lọ. Ẹni tó bá ti wo fíìmù Àjàní Ògún rí ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ọjọ́ orí. Ní oṣù kẹfà ọdún 1944 ni Hubert Ògúndé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́, ti Ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run, sórí ìtàgé ní gbọ̀ngán Glover l'Ékòó, fún ìjọ Aládùúrà kan. Orin ni òpó eré náà. Ọdún 1950 sókè ni àwọn oníṣòwò ará Lẹ́bánónì ń kó fíìmù Íńdíà wọ ilé sinimá wa, ìhà Àríwá ló sì ti ràn jù. Báwo ni ẹ̀gbọ́n ṣe wá jogún ìrísí àbúrò? Ní Òṣogbo, Dúró Ládiípọ̀ mú ìlù wọ inú orin Àjíǹde ní ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Àwọn kan nínú ìjọ fajú ro, ló bá gbé ìlù rẹ̀ lọ síbi tí wọn ò ti ní bínú sí i. Eré rẹ̀, Ọba Kò So, jáde ní gbàgede àṣà Mbárí Mbáyọ̀ ní 1963, nígbà tó sì di 1964, wọ́n ti gbé e dé Berlin. Ọdún 1963 kan náà ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé Ọ̀mùtí jáde n'Íbàdàn, láti inú ìwé Amos Tutùọlá.

Akẹgbẹ́ wa yóò ní ìtàgé kọ́ ni fíìmù. A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó wo àwọn tó wà nínú Àjàní Ògún, tí Ọlá Balógun darí ní 1976: Adé Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, àti Dúró Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀. Balógun kọ́ṣẹ́ sinimá ní Paris. Àwọn òṣèré rẹ̀ kọ́ tiwọn lójú agbo. Nígbà tí Ògúndé fẹ́ gbé Aiyé kúrò lórí ìtàgé sínú fíìmù ní ìparí àwọn ọdún 1970, Balógun yìí náà ló pè. Òun náà ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá ọmọ bíbí Iléṣà, pè fún Ọ̀run Móoru ní 1982. Kí Bàbá Sàlá tó di aláwàdà tí a mọ̀ yìí, ó ti ní ẹgbẹ́ olórin. Inú ẹgbẹ́ náà ni Sunny Adé ti gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ nígbà èwe. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ní wọ́n lọ wo orin ṣe lọ́dọ̀ Íńdíà.

Gbèsè kejì nípọn ju èyí lọ. Nínú fíìmù Íńdíà, ẹni tó ń mi ètè kọ́ ló ń kọrin. Inú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ni Lata Mangeshkar wà tó ti ń kọrin sẹ́nu òṣèrébìnrin kan lẹ́yìn òmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn òǹwòran mọ̀, ó sì tẹ́ wọn lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Amẹ́ríkà náà ń ṣe é, àmọ́ ìkọ̀kọ̀ làwọn ti ń ṣe tiwọn. Marni Nixon ló kọrin fún Natalie Wood nínú West Side Story (1961), òun náà ló kọ èyí tó pọ̀ jù fún Audrey Hepburn nínú My Fair Lady (1964). Kódà Christopher Plummer tó dá gìtá kọ́rùn nínú The Sound of Music (1965), ohùn Bill Lee ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sọ́dọ̀ alárìnjò. Ẹni tó wá sẹ́gbẹ́ Ògúndé tàbí ẹgbẹ́ Ọ̀yìn Adéjọbí l'Óṣogbo tí kò lè kọrin, tí kò lè gbè, kí ló fẹ́ máa ṣe níbẹ̀ ju kó máa kó àga lọ? Ká ní Íńdíà la wò kọ́ ni, ẹnu àyálò yìí ni à bá kọ́kọ́ yá.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ohùn kọ́ ni kì í jẹ́ kí òǹkọ̀wé yìí sùn. Ìbéèrè kan wà tó yẹ ká máa bi gbogbo ìran olórin, tí a kì í bi í: ta ló gbọ́ orin náà? A ò sọ pé ta ló kọ ọ́. Ta ló gbọ́ ọ, nínú àwọn tó wà nínú ìran náà gan-an?

Ẹ mú The Wizard of Oz ti 1939. Judy Garland wà lóko ní Kansas, ajá rẹ̀ nìkan ló bá a níbẹ̀, ó sì kọ orin òṣùmàrè tí àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ fíìmù fẹ́rẹ̀ẹ́ gé dànù. Kò sẹ́ni tó bi í lóko náà pé kí ló ń kọ. Àwọn tó ń gbe orin náà lẹ́yìn, a ò rí wọn, òun náà ò rí wọn. Ẹ jẹ́ ká pe èyí ní orin inú: ọkàn ló ń sọ̀rọ̀, àwa tó jókòó síwájú fíìmù ló gbọ́. Nínú Singin' in the Rain (1952), Gene Kelly, tí ibà ń ṣe nígbà tí wọ́n ya ìran náà, ń gbá omi òjò kiri títì, títí ọlọ́pàá kan fi yọ sí i. Ọlọ́pàá yẹn ò gbọ́ fèrè, kò gbọ́ ìlù. Géńdé ọkùnrin tí orí rẹ̀ fẹ́ yí lábẹ́ òjò ló rí. Ohun tó mú ìran náà dùn nìyẹn: ẹni tí kò gbọ́ orin ṣe kòńgẹ́ ẹni tó ń gbọ́ ọ. Fíìmù olórin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, orin inú ni oúnjẹ rẹ̀.

Tiwa, orin ojúde ló pọ̀ níbẹ̀. Ìyàwó ń lọ ilé ọkọ, wọ́n ń kọrin. Ọdẹ kú, wọ́n ń sun ìrèmọ̀jé. Ọba yọ, akígbe ń ké. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló gbọ́. Kò sẹ́ni tó máa béèrè ibi tí ìlù ti ń dún, torí onílù dúró síbẹ̀, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Ibí ni akẹgbẹ́ wa ti ṣìnà. Orin inú ló wá wá, kò rí i tó bó ṣe fẹ́, ló bá kéde pé ilé ṣófo.

Oríṣi kẹta ló wá jẹ́ ọ̀gá. Gbogbo èèyàn ló gbọ́ ọ, ẹni tó ni ín nìkan ló yé. Orúkọ tí òǹkọ̀wé yìí sọ ọ́ ni orin àrokò, bí ẹnì kan bá sì ní orúkọ tó dára jù, kó mú un wá.

Ṣaworoidẹ ni ẹ̀rí, fíìmù tí Túndé Kèlání darí ní 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Nílùú Jogbo, adé idẹ àti ìlù kan tí ṣaworo idẹ wà létí rẹ̀ jọ mulẹ̀ ni. Ọba tó bá gba gbẹ́rẹ́, tó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní fi ìtẹ́ kó ọrọ̀ jọ, òun ni ìlù náà kò ní ṣe ní nǹkan kan; ẹni tó bá dé adé náà láìgba gbẹ́rẹ́, ìlù náà ni yóò pa á. Lápitẹ́, tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe, kọ̀, kò gba gbẹ́rẹ́. Nígbà tó yá, ológun tó ń jẹ́ Lágatà, tí Kúnlé Bámtẹ́fà ṣe, pa á, ó sì gba ìtẹ́, láìgba gbẹ́rẹ́ lóun náà.

Ìran ìwúyè Lágatà ni ká wò dáadáa. Agbo kún. Adé wà lórí rẹ̀. Ìlù bẹ̀rẹ̀. Létí àwọn èrò, ìlù ayẹyẹ ni, bó ṣe yẹ kí ìlù máa dún lọ́jọ́ tí ọba tuntun jẹ. Létí ẹnì kan ṣoṣo tó jókòó sórí ìtẹ́, ikú ni. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Etí ò yàtọ̀, afẹ́fẹ́ ò yàtọ̀, igi kan náà ló ń bọ́ sára awọ, síbẹ̀ orin méjì ló ń dún lójú agbo kan. Nínú fíìmù Amẹ́ríkà, orin máa ń sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni fún wa. Níbí, orin ló ń ṣe ìdájọ́. Ẹ yọ ìlù kúrò nínú ìran yìí, ọba ò ní kú, ìtàn ò sì ní lè parí. Ẹ ṣì ń sọ pé a ò ní fíìmù olórin?

Kò yẹ ká fi òdodo pamọ́: The Sound of Music sún mọ́ ibẹ̀. Nígbà tí ọ̀gágun tí Plummer ṣe kọ orin òdòdó orí òkè níwájú àwọn ará ìlú rẹ̀, tí àwọn aṣojú Násì jókòó síbẹ̀, orin kékeré ni létí àwọn àlejò, orin ilẹ̀ wọn tó ń bọ́ lọ́wọ́ wọn ni létí àwọn onílé. Àrokò ni. Àánú tó kàn ṣe èèyàn ni pé ohùn àyálò ni wọ́n fi pa á.

Ẹlẹ́ṣin Ọba, tí Bíyì Bándélé darí kó tó di olóògbé, tó sì jáde ní 2022, gba ọ̀nà yìí kọjá. Eré tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1975 ló ti wá. Dúró Ládiípọ̀ ti fi ìṣẹ̀lẹ̀ Ọ̀yọ́ kan náà, ti ẹlẹ́ṣin ọba tí òyìnbó kò jẹ́ kó bá ọba kú, ṣe Ọba Wàjà ní 1964. Nínú eré Ṣóyínká, òyìnbó alákòóso bi ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé kí ni ìlù ń wí. Ọmọ náà, Yorùbá ni o, ò lè sọ bóyá ikú ni ìlù ń pè ni àbí ìgbéyàwó. Méjèèjì ló ń pè. Nínú fíìmù náà, wọ́n gbé Olóhùn-Iyọ̀ fún Brymo, olórin gidi, ẹni tí kò nílò ẹnu ẹlòmíràn.

Inú Àrugbá (2008), ti Kèlání, ni ìran tí òǹkọ̀wé yìí fẹ́ràn jù wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bá oríṣi orin mẹ́ta òkè yìí mu délẹ̀délẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Adétutù, ó ń darí ẹgbẹ́ obìnrin olórin. Òun náà sì ni igbá Ọ̀ṣun tọ́ sí láti rù. Nígbà tí ọjọ́ ọdún kò, olórin yìí ni ìlú ń kọrin yí ká. Igbá wà lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ wà níwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ilẹ̀ lọ síbi odò. Ẹni tí orin jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ wá di ẹni tí orin ń gbé lọ.

Akẹgbẹ́ wa lè ní kí a má sọ pé Íńdíà ò kan ẹnikẹ́ni. A ò sọ bẹ́ẹ̀. Fíìmù Haúsá láti Kánò gba orin àti ijó lọ́wọ́ Íńdíà, àwọn tó ń ṣe é ò sì sẹ́. Bóyá Kánò ló ní lọ́kàn, tí ẹnu rẹ̀ wá já sí Òṣogbo. Àwa náà sì ní ẹ̀bi tiwa: orin àgbéléwò tó máa ń sọ ẹni tó pa bàbá, ẹni tó jí owó, àti ìgbà tí àṣírí yóò tú, kí ìran kìn-ín-ní tó parí. Orin yẹn, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ nínú ìran, ì bá sì dára kí àwa náà má gbọ́ ọ. Pẹ̀lú ìṣọ́ra gbogbo tó yẹ ọ̀mọ̀wé, ohun tí a lè sọ ni pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tíì pọ̀ tó láti fi ti ẹnu akẹgbẹ́ wa pa pátápátá. Ó kàn jọ pé kò wo fíìmù kankan tán ni.

Ibi tí iṣẹ́ kù sí ni ẹni tó ń gbọ́ orin láìsí nínú ìran: òǹwòran tó ń gbé e lọ sílé. Láyé Ògúndé àti Adé Love, onífíìmù fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé fíìmù rẹ̀ láti ìlú dé ìlú, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbéjáde nínú ọkọ̀, gbọ̀ngán ìlú tàbí ilé ẹ̀kọ́ sì ni ilé sinimá. Títẹ̀ lé fíìmù kiri bẹ́ẹ̀ ò gba Bàbá Sàlá lọ́wọ́ olè: wọ́n da Ọ̀run Móoru kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, gbèsè sì bo ẹni tó náwó sí i mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n orin ti jáde nínú fíìmù ná, kò sì sí kásẹ́ẹ̀tì tó lè kó o padà. Òǹkọ̀wé yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba irú orin bẹ́ẹ̀ jọ ní Ìtagunmódì, ó fẹ́ dé Òṣú àti Ifẹ̀wàrà, láti mọ ohun tí àwọn èèyàn sọ ọ́ dà.

Ẹni àkọ́kọ́ tó gbà láti kọrin fún un, ìyá àgbà kan tó ń fọ́ kòkó ni. Kò wo fíìmù tí orin náà ti wá rí. Ọkọ rẹ̀ ló lọ wò ó n'Íléṣà, ló kọ ọ́ wálé. Ìyá ti pààrọ̀ orúkọ òṣèré tó wà nínú orin náà sí orúkọ ẹnì kan ládùúgbò. Ó kọ ẹsẹ̀ kìn-ín-ní, àdá rẹ̀ ń bá a gbè lára igi kòkó tó wó lulẹ̀ tó jókòó lé. Nígbà tó kan ẹsẹ̀ kejì, ó dákẹ́, ó wo ẹ̀yìn, ó wo ẹ̀rọ ìgbohùn tó wà lórí ewé kòkó gbígbẹ.

"Ọmọ mi, pa nǹkan yẹn ná," ló wí. "Ẹni tó ni ín ṣì wà láyé."