Kí Ló Kù Nínú Àlòkù?

Inú máa ń bí mi tí mo bá rí ẹni tó jókòó sídìí ìwé, tó ń pe bíréèkì ní "ohun-èlò-ìdá-ọkọ̀-dúró". Kò sí mẹkáníìkì Yorùbá kan, ní Múṣin tàbí ní Peckham, tí yóò fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rán ọmọṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́. Bíréèkì, táyà, bátìrì, gíà, ẹ́ńjìnnì: a ti yá wọn, wọ́n ti gba ohùn wa, tiwa ni wọ́n. Ibi tí iṣẹ́ kù sí ni ti àwọn èèyàn wa tó ń fi ọkọ̀ jẹun ní Ìlú Ọba: àwọn tó ń pín ẹrù láti ojúlé dé ojúlé, àwọn káfíńtà, àwọn oníná. Ọkọ̀ tí agbára wọn ká kì í sábà jẹ́ tuntun, kò sì gbọdọ̀ dákú láàárọ̀ oṣù Kìíní. Ọ̀rọ̀ wo ni wọn ó fi yàn án?

Orúkọ ọkọ̀ náà gan-an kọ́kọ́ fa wàhálà. Yorùbá kò ní ìró V, fáànù ni van máa ń dà lẹ́nu wa, bẹ́ẹ̀ fáànù ti jẹ́ ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn láti ọjọ́ pípẹ́. "Ọkọ̀ akẹ́rù" nìkan kò tó, nítorí tírélà náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀sì akẹ́rù ni mo fara mọ́. Nílé, bọ́ọ̀sì ni bọ́ọ̀sì ń jẹ́, yálà àga wà nínú rẹ̀ tàbí wọ́n ti yọ gbogbo rẹ̀.

Èyí tó fa àríyànjiyàn jù ni ọ̀rọ̀ fún ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní tòkunbọ̀ ni. Mi ò gbà. Ti-òkun-bọ̀ ni: orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tó sì padà wálé, kí ọkọ̀ tó ń ti èbúté Àpápá àti Kùtọnu wọlé tó jogún rẹ̀. Àmọ́ bọ́ọ̀sì akẹ́rù tí a rà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí a sì ń lò níbẹ̀, òkun wo ló ti bọ̀? Ẹ tilẹ̀ wo Ford Transit. Láti ọdún 2013 tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ní Southampton pa, ilẹ̀ Tọ́kì ni wọ́n ti ń kó o wọ Ìlú Ọba. Tó bá jẹ́ pé òkun la ó fi mọ̀ ọ́n, ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó sí pàápàá á di tòkunbọ̀.

Àlòkù ni ọ̀rọ̀ náà. À-lò-kù: wọ́n ti lò ó, ó sì ṣẹ́ kù. Ẹ gbọ́ ìgbẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa: kù. Ìbéèrè tí oníbàárà gbọ́dọ̀ bi ọlọ́jà ti wà nínú orúkọ: kí ló kù? Mo fẹ́ ká fa ọ̀rọ̀ tuntun kan yọ láti ara rẹ̀, ìlòkù, fún ìlò tó ṣẹ́ kù lára nǹkan. Tí jíjìn ojú táyà bá ti lọ sílẹ̀ ju mìlímítà 1.6 lọ, òfin ní ìlòkù rẹ̀ tán. Ẹ́ńjìnnì EcoBlue lítà 2.0 tí Ford gbé jáde ní 2016 ní bẹ́líìtì tó ń yí nínú ọ́ìlì. Ẹ bèèrè ìlòkù bẹ́líìtì yẹn kí ẹ tó sanwó. Àkọsílẹ̀ ìdánwò MOT, tí ìjọba ń fi hàn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá ní nọ́ńbà ọkọ̀, á sọ àpapọ̀ máìlì tó ti rìn títí di ìdánwò kọ̀ọ̀kan. Bí àpapọ̀ ti ọdún yìí bá kéré sí ti èṣí, ẹnì kan ti fẹ́ jí ìlòkù tà fún yín.

Ní ti òtútù, àwọn baba tó túmọ̀ Bíbélì ti bá wa ṣe díẹ̀. Nínú Àìsáyà orí kìíní, òjò-dídì ni wọ́n lò fún snow. Nínú Sáàmù 51, ẹ̀gbọ̀n-òwú ni. Ẹ̀gbọ̀n-òwú ń sọ bó ṣe rí lójú, òjò-dídì ń sọ ohun tó jẹ́, èyí sì ni awakọ̀ nílò: ohun tó dì lè yọ́, kó sì tún dì. Ìpáàrà àti dógùn-ún ti wà nílẹ̀ fún ohun tí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ń fi abẹ́ ọkọ̀ ṣe. "Táyà òjò-dídì" ṣini lọ́nà, torí rọ́bà táyà lásán ti ń le kó tó di pé òjò kankan dì, bí òtútù bá ti wá sísàlẹ̀ 7°C. Táyà òtútù ló yẹ ẹ́. "Yìnyín dúdú" fún black ice sì burú ju gbogbo wọn lọ. Yìnyín náà kò dúdú, ó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ọ̀dà títì ni ojú ń rí láti inú rẹ̀. Awakọ̀ tó bá ń wá ohun dúdú, orí rẹ̀ ni yóò gùn. Yìnyín afarasin ni kó máa jẹ́.

Mo fi èyí tó dùn mọ́ mi jù sẹ́yìn. Ọkọ̀ kan wà tí ẹsẹ̀ iwájú ń fà, òmíràn wà tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì. Fà àti tì: èdè wa ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Afiwájúfà rọrùn fún ti àkọ́kọ́. Mo rí ẹni tó pe èkejì ní afẹ̀yìntì, mo sì fẹ́ kó pa á rẹ́, torí fẹ̀yìntì ni ti òṣìṣẹ́ tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì, ọkọ̀ tí à ń wá sì ṣì fẹ́ ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká lo ti dípò fi: a-ti-ẹ̀yìn-tì, atẹ̀yìntì. Ìyàtọ̀ yìí ní ìwúlò nínú òjò-dídì: bí ẹrù kò bá sí nínú atẹ̀yìntì, ẹ̀yìn rẹ̀ fúyẹ́, ẹsẹ̀ tó ń tì í á máa yọ̀. Transit wà ní oríṣi méjèèjì, ara kan náà ni wọ́n sì gbé wọ̀, nítorí náà ẹnu ni kí ẹ fi bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á: afiwájúfà ni àbí atẹ̀yìntì?