Jíà Tó Kúrò Nínú Ìdánwò

Ní Calgary lónìí, jíà kì í sábà mú ènìyàn fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìwakọ̀. Ẹni tó bá rí èyí lè sọ pé àwọn awakọ̀ ayé òde òní mọṣẹ́ ju ti àtijọ́ lọ. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Jíà ló kúrò nínú ìdánwò. Àṣìṣe kò kúrò lẹ́sẹ̀ awakọ̀. Kó tó di 1928, ẹni tó fẹ́ yí jíà ní láti tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sì fetí sí ìró ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá kánjú, eyín jíà á máa ha ara wọn, gbogbo àdúgbò á sì mọ̀ pé ọ̀gbẹ̀rì ló wà nídìí ọkọ̀. Lọ́dún náà ni Cadillac gbé jíà tó rọrùn yí jáde, nígbà tó sì fi máa di 1940, Oldsmobile ti ń ta ọkọ̀ tó ní Hydra-Matic, jíà ọ́tò tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì láti tẹ̀ rárá. Amẹ́ríkà àti Kánádà gba ọkọ̀ ọ́tò tọwọ́tẹsẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rọ̀ mọ́ mánúà, ó sì fi òfin tì í lẹ́yìn: ẹni tó bá fi ọ́tò ṣe ìdánwò níbẹ̀ kò gbọdọ̀ wa mánúà. Ní Alberta, ìpínlẹ̀ tí Calgary wà, ìwé àṣẹ Class 5 kan náà ló wà fún méjèèjì.

Àwọn kan á ní kò burú: ojú títì ló yẹ kí olùdánwò máa wò, pàápàá nígbà yìnyín, kì í ṣe ọwọ́ awakọ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ Yorùbá tó ti Èkó dé. Alberta kì í fi ìwé àṣẹ tiwọn pààrọ̀ ti Nàìjíríà, nítorí náà yóò ṣe ìdánwò, ìbáà ti fi ogún ọdún wa dánfó. Bó ṣe ń fi kílọ́ọ̀ṣì gbé ọkọ̀ dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kò sí máàkì fún un. Ẹsẹ̀ òsì tó mọ iṣẹ́ yẹn dunjú ló wá ń wá kílọ́ọ̀ṣì tí kò sí nínú ọkọ̀ ọ́tò, tó sì tẹ bíréèkì: ọkọ̀ á dúró gbàgà. Àṣìṣe jíà gan-an nìyẹn, àmọ́ bíréèkì òjijì ni wọn yóò kọ sílẹ̀.

Tírélà ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán. Ní oṣù Kẹrin 2018, ènìyàn 16 kú nígbà tí bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ eléré họ́kì Humboldt Broncos àti tírélà kan kọlu ara wọn ní Saskatchewan. Jíà kọ́ ló fà á. Awakọ̀ tírélà náà ni kò dúró níbi àmì ìdúró. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta 2019, Alberta sọ ẹ̀kọ́ wákàtí 113 di dandan fún awakọ̀ tírélà, ọjọ́ yẹn kan náà sì ni àwọn olùdánwò, tí wọ́n ti wà lọ́wọ́ aládàáni láti 1993, padà di òṣìṣẹ́ ìjọba. Nídìí tírélà, jíà ṣì ṣe kókó lórí òkè: awakọ̀ tó bá ti Calgary gba Kicking Horse Pass lọ sí Vancouver ní láti mú jíà kékeré kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Bí jíà mánúà bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó lè má wọlé mọ́, bíréèkì tó ń gbóná nìkan ló kù fún un.