Oògùn kan, orúkọ méjì: ohun tó ń mú kí ìwé oògùn wọ́n

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa n'Ìkirè àti Àpòmù, oògùn kan náà lè ní orúkọ méjì: orúkọ oògùn gan-an, àti èyí tí ilé-iṣẹ́ fún un. Amoxicillin àti clavulanic acid ló wà nínú Augmentin. Lẹ́yìn tí GSK kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 pé àwọn ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà, Augmentin wá di olówó gọbọi.

Ẹ bi dókítà yín bóyá èyí tí owó rẹ̀ dínkù wà. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára páálí. Ẹ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra oògùn màlíríà. Kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni màlíríà. Ẹ má sì ra ìdajì oògùn apakòkòrò nítorí owó: àìsàn náà lè padà, kó má gbóògùn mọ́.