Páànù, Amọ̀ àti Ooru ní Ìbàdàn Àtijọ́

Ohun méjì ni oòrùn ń bá pàdé lára ilé Ìbàdàn àtijọ́: páànù lókè, ògiri amọ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Láti iwájú Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929, páànù tó ti dípẹtà lojú ń rí lọ sí Ọjà'ba, Bẹẹrẹ àti Bẹ́yẹrúnkà. Koríko ni wọ́n fi ń bo ilé ṣáájú. Koríko tutù, ṣùgbọ́n iná kì í dá a sí. Nígbà tí rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, kíkó páànù láti Èkó wá rọrùn. Ìlú bọ́ lọ́wọ́ iná, ó kó sọ́wọ́ ooru.

W/mK ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn bí ohun kan ṣe ń gbé ooru kọjá. Ti irin páànù tó nǹkan bí 50. Ti amọ̀ gbígbẹ kì í sábà ju 1 lọ. Ìyàtọ̀ yìí tóbi, síbẹ̀ kì í ṣe òun gan-an ló ń mú yàrá gbóná. Páànù kò nípọn tó mìlímítà 1. Ohun yòówù tí wọn ì bá fi ṣe é, bó bá ti fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kò lè dá ooru dúró. Ojú rẹ̀ ló ṣe kókó. Síǹkì tó ń dán lára páànù tuntun ń dá apá kan ìtànṣán oòrùn padà, abẹ́ rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ta ooru sínú yàrá. Bí síǹkì bá ti jẹ tán, tí ìpẹtà bo ojú méjèèjì, òkè a máa gba oòrùn púpọ̀, abẹ́ a sì máa tú u sórí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, irú páànù bẹ́ẹ̀ lè gbóná ju 60°C lọ. Ó tún ń gùn sí i: bí ìgbóná rẹ̀ bá fi 40°C lé, páànù tó gùn ní mítà 2.4 yóò fi mìlímítà 1 àti díẹ̀ gùn sí i. Bó bá ń tutù, á tún sún kì padà; ìyẹn ló ń mú un ké nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Òun náà ló ń fẹ ihò ìṣó lójú títí òjò fi ń rí ọ̀nà wọlé.

Ti amọ̀ yàtọ̀. Ògiri tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 30 ń fi nǹkan bí wákàtí 8 sí 10 gbé ooru láti ìta dé inú. Alẹ́ ni ooru ọ̀sán ń tó dé yàrá, ó sì ti rọ̀ púpọ̀.

Ìwádìí tó jìnnà sí amọ̀ fi hàn pé bí wọ́n ṣe to nǹkan pọ̀ lè borí ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ọ̀pá oníhò tíńtín tí átọ̀mù kábọ́ọ̀nù parapọ̀ di ni nanotube. Ìròyìn tí Sumio Iijima kọ ní Japan ní 1991 ló mú kí ayé yí ojú sí i. Ìgbọ̀nrìrì átọ̀mù ló ń gbé ooru gba ara rẹ̀ kọjá. Ní 2001, wọ́n wọn ọ̀pá kan ṣoṣo ní Amẹ́ríkà, ó lé ní 3000 W/mK. Ti bàbà kò ju nǹkan bí 400. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kó àìmọye wọn jọ láìtò, ibi tí ọ̀kan ti fara kan èkejì kéré jọjọ, ìgbọ̀nrìrì náà kò sì lè kọjá dáadáa níbẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2009 rí i pé òkìtì bẹ́ẹ̀ kò ju nǹkan bí 0.2 W/mK lọ. Amọ̀ lásán ń gbé ooru jù ú lọ!

Nínú ilé náà, bí wọ́n ṣe to nǹkan ṣe kókó: àjà tó wà láàárín páànù àti yàrá ló ń dènà ooru. Àjà amọ̀ tí àwọn àgbà tẹ́ sórí ìtì igi wà fún ìpamọ́ ẹrù àti ààbò lọ́wọ́ iná òrùlé. Lábẹ́ páànù, ó ní iṣẹ́ kẹta: òun ló ń gba ooru tí páànù ń tú sílẹ̀, afẹ́fẹ́ àárín wọn a sì gbé díẹ̀ jáde níbi tí etí òrùlé bá ṣí sílẹ̀. Àjà pákó fẹ́lẹ́ ti òde òní ń dí ìtànṣán náà, ṣùgbọ́n kò wúwo tó láti tọ́jú ooru di alẹ́, ó sì ń tètè gbóná. Ilé tí kò ní àjà rárá ni ooru ń bá jà jù, ì báà jẹ́ pé ògiri rẹ̀ nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà 2.