Kọ̀ǹpútà Tó Ń Sáré Àsápajúdé: Ìtàn Àwọn Ètò Tí A Fi Ń Dán An Wò

Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn ara wa ní Kánò, ọkọ̀ ojú irin ni a sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1911 ni ojú irin dé Kánò, láìpẹ́ sí ìgbà náà ni ìjọba amúnisìn ya Sabon Gari sọ́tọ̀ fún àwọn àlejò tó ń bọ̀ láti gúúsù. (Ọ̀rọ̀ yìí a máa pa mí lẹ́rìn-ín: ní Ìbàdàn, Sábó ni àdúgbò àwọn Haúsá, ní Kánò, àwa gan-an ni ará Sabon Gari.) Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá gbilẹ̀ ní Bompai. Àwọn àgbà wa tó ṣiṣẹ́ ní reluwé tàbí ní ilé-iṣẹ́ mọ ohun kan dájú: ẹnìkan kì í dáná sí bọ́ílà kí ó má wo géèjì. Wọ́n á kọ́kọ́ fi agbára tó ju ti iṣẹ́ ojoojúmọ́ lọ dán bọ́ílà wò, kí wọ́n tó gbà á láyè láti fa ọkọ̀.

Ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí kéré púpọ̀ sí ti reluwé. Inú yàrá àwọn ọmọ wa ni ó wà, inú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tẹ ìwé, àti lórí tábìlì akọ̀wé owó ẹgbẹ́.

Nínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ni nǹkan kan wà tó dà bí onílù. Bí ó ti ń lù ni prósẹ́sọ̀, tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ń gbé ẹsẹ̀. Bí a bá ní prósẹ́sọ̀ kan jẹ́ 300 MHz, ìgbà mílíọ̀nù 300 ni ìlù náà ń dún ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kì í kọ òpin agbára rẹ̀ sí i lára. Iye tí ọkàn wọn balẹ̀ sí, tí kò ní dójú tì wọ́n nínú ooru àti fún ọdún púpọ̀, ni wọ́n ń kọ. Àyè tó ṣẹ́ kù yìí ni àwọn kan rí, tí wọ́n fi ní kí onílù máa yára lù sí i. Overclocking ni Òyìnbó ń pè é. Èmi ń pè é ní eré àsápajúdé, nítorí ó jọ ohun tí àwọn awakọ̀ kan ń ṣe lójú ọ̀nà Kánò sí Zaria. Ẹ̀rọ náà ń yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ iná sí i, ó ń gbóná sí i, nígbà mìíràn a sì ní láti gbé fóltéèjì rẹ̀ sókè kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó lè bá ìlù mu.

Ọdún 1998 ni eré yìí gbajúmọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ kárí ayé. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Intel gbé Celeron 300A jáde. Ìlù tó ń wọlé sí i láti ìta jẹ́ 66 MHz, prósẹ́sọ̀ náà á sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin àti ààbọ̀, yóò sì jẹ́ 300. Àwọn ọmọ tó gbọ́n yí 66 sí 100, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì rí i pé ó sáré dé 450 láìṣubú. Owó rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó Pentium II 450 tó wà lọ́jà nígbà náà. Ta ni kò ní fẹ́?

Ṣùgbọ́n kí ó tó di ohun ìdárayá ọ̀dọ́, àwọn gbájú-ẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, àwọn oníṣòwò kan lókè òkun ń ha àkọlé ara prósẹ́sọ̀ nù, wọ́n ń kọ iye tó ga ju ti gidi lọ sí i, wọ́n sì ń tà á lówó gọbọi. Ìyẹn wà lára ohun tó mú kí Intel ti ìlọ́po náà pa kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má lè yí i. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹni tó ń rajà, ì báà má mọ ohunkóhun nípa eré àsápajúdé.

Báwo wá ni èèyàn ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀rọ tó ń sáré báyìí ń sọ òótọ́? Ẹ kíyè sí i, n kò ní kí a béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà tó kú lójú ẹni kò burú tó èyí tó ń ṣe ìṣirò tó sì ń purọ́. Ní ọdún 1994, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Nicely ti Lynchburg College ní Amẹ́ríkà ń ṣe ìṣirò lórí àwọn nọ́ńbà prime, ìyẹn àwọn nọ́ńbà bíi 7 àti 13 tí kò sí ohun tó lè pín wọn kó má ṣẹ́ kù àfi 1 àti àwọn fúnra wọn. Ó rí i pé prósẹ́sọ̀ Pentium tuntun ń ṣi ìpín ṣe. Bí ẹ bá ní kí ó fi 3,145,727 pín 4,195,835, yóò dáhùn pé 1.33374, nígbà tí ìdáhùn gidi jẹ́ 1.33382. Kò sí èéfín, kò sí ariwo. Mílíọ̀nù 475 dọ́là ni Intel yà sọ́tọ̀ láti fi wá nǹkan ṣe sí i. Pentium yẹn kò sáré àsápajúdé o, láti ilé-iṣẹ́ ni àbùkù rẹ̀ ti wá. Àmọ́ ó fi han ayé pé ìṣirò prime a máa tú àṣírí prósẹ́sọ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1996, George Woltman dá GIMPS sílẹ̀, ìyẹn àkójọ àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ilé wọn wá àwọn nọ́ńbà prime ńláńlá. Prime95 ni ètò tó kọ fún wọn. Nítorí pé àṣìṣe kan ṣoṣo lè ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ jẹ́, ó fi ìdánwò kan sínú rẹ̀ tó pè ní torture test, orúkọ náà sì yẹ ẹ́, nítorí ìyà gidi ni. Ó ń fún prósẹ́sọ̀ ní ìṣirò tí a ti mọ ìdáhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ìdáhùn bá yàtọ̀, á dá iṣẹ́ dúró, á sì kọ ọ́ sójú gbangba. Bí olùkọ́ tó ń máàkì ìwé ni ó ń ṣe. Mi ò tíì rí ètò tó sàn jù ú lọ fún iṣẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni.

Super PI náà wà, tí ó ti ọ̀dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Yasumasa Kanada àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Yunifásítì Tokyo jáde ní 1995. Ó ń ṣírò π dé mílíọ̀nù nọ́ńbà lẹ́yìn ojúàmì, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fi í díje ta ni yóò kọ́kọ́ parí. Lóde òní ó ti fúyẹ́ jù, nítorí apá kan ṣoṣo nínú prósẹ́sọ̀ ni ó ń lò. Ti RAM ni Memtest86, èyí tí wọ́n kọ ní àárín ọdún 1990 sí 2000, tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó jí rárá. Ọmọ ìyá rẹ̀, Memtest86+, dé ní 2004.

Àwọn aṣọ́nà ló kù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, Tom's Hardware gbé fídíò kan jáde tí wọ́n ti yọ irin tó ń fa ooru kúrò lórí prósẹ́sọ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Pentium 4 rọra dín eré rẹ̀ kù. Athlon ti AMD rú èéfín láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó sì jóná. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń sáré kò fi ojú kúrò lára géèjì mọ́. Motherboard Monitor ni ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ lò, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2004. SpeedFan gbajúmọ̀, CPU-Z ń sọ orúkọ àti eré prósẹ́sọ̀, HWiNFO sì ń fi ìgbóná, fóltéèjì àti fáànù hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sọ fún yín pé nǹkan kan ti gbóná dé 127 dígírì nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ẹ má sá o. Sẹ́ńsọ̀ tí wọn kò so mọ́ ohunkóhun ló sábà máa ń wí bẹ́ẹ̀.

Kí ni èyí kàn wá ní Sabon Gari? Tòkunbọ̀ ni. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà gbé ìwé ìwádìí jáde lórí ọjà Computer Village ní Ìkẹjà: bí àpótí ọkọ̀ òkun 500 ló ń wọ Èkó lóṣù, àwọn oníṣòwò ibẹ̀ sì sọ pé ìdá 75 nínú 100 ẹrù náà lè jẹ́ pàǹtí. Ohun tó bá ti Èkó kọjá ni ó ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó ra tòkunbọ̀ kò mọ irú eré tí olówó rẹ̀ àtijọ́ fi í sá.

Ní ìhà Bompai níbi tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ẹnìkan gbé irú rẹ̀ wá fún mi. Láàárọ̀ ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ bí ọmọlúwàbí, lọ́sàn-án á kú. Wọ́n ti pààrọ̀ RAM, wọ́n ti fi Windows tuntun sí i lẹ́ẹ̀mejì. Mo wọ inú BIOS, mo sì rí i pé wọ́n ti gbé ìlù rẹ̀ sókè kí ó tó kúrò lókè òkun. Òtútù ìlú tó ti wá gbà á láyè. Oṣù kẹrin Kánò, tí ooru ń sún mọ́ 40 dígírì, kò gbà á. Mo dá a padà sí iye tí ilé-iṣẹ́ fi lélẹ̀, wàhálà sì tán.

Ọ̀nà tí mo ń gbà nìyí. Mo kọ́kọ́ ń fẹ́ eruku ọyẹ́ kúrò nínú rẹ̀, nítorí fífi ìyà jẹ ẹ̀rọ tí imú rẹ̀ dí kì í ṣe ìdánwò. Lẹ́yìn náà ni Memtest86+, ó kéré tán kí ó yí RAM po lẹ́ẹ̀kan pátápátá. Bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, kò sí ewu, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ni. Lẹ́yìn èyí ni mo ń ṣí HWiNFO àti Prime95 pa pọ̀, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan ń ṣọ́. Small FFTs ni mo ń yàn láti mú prósẹ́sọ̀ gbóná, Blend ni mo ń yàn bí mo bá ń fura sí RAM. Wákàtí méjì ló tó mi, kì í ṣe 24 tí àwọn olùdíje ń wí, ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan ni mo ń ṣe é. Ìdánwò òru oṣù Kejìlá kò sọ nǹkan kan fún wa nípa oṣù kẹrin. Ọ̀pọ̀ prósẹ́sọ̀ Intel òde òní ń dín eré wọn kù fúnra wọn bí wọ́n bá dé bí 100 dígírì. Bí tiyín bá ń débẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ láìsí eré àsápajúdé, fáànù tàbí òróró ìtutù rẹ̀ ni kí ẹ wò. Àwọn ètò tó kàn ń fúnni ní máàkì fún ìdíje, n kì í fi wọ́n ra ẹrù. Àwọn àgbà ní a kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè.

Ẹ má rò pé ìtàn yìí ti di ti àtijọ́. Ní ọdún 2016, Prime95 kan náà tú àṣírí àbùkù kan nínú Skylake ti Intel, ilé-iṣẹ́ náà sì fi àtúnṣe ránṣẹ́ nípasẹ̀ BIOS. Ní 2024, ọ̀rọ̀ Core ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá ti Intel bẹ́ sílẹ̀: fóltéèjì tó ga jù ń ba àwọn kan nínú wọn jẹ́ díẹ̀díẹ̀, àní lọ́wọ́ àwọn tí kò sáré rárá. Intel gbé àtúnṣe 0x129 jáde ní oṣù kẹjọ, ó sì fi ọdún méjì kún ìdánilójú rẹ̀ lórí wọn. Àtúnṣe náà ń dáàbò bo èyí tí ara rẹ̀ ṣì le. Kò lè wo èyí tó ti bàjẹ́ sàn. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ náà yóò di tòkunbọ̀. Bí ọ̀kan bá dé iwájú yín, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi BIOS tuntun sí i, lórí inverter tàbí UPS o, nítorí bí iná bá lọ láàárín ìyẹn, ẹ̀rọ lè má jí mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé Prime95 lé e lọ́sàn-án, kí ẹ tó ka owó.