Àká Kan fún Ọpọlọ Méjì: Ìtàn Pípín Ìrántí Nínú Kọ̀ǹpútà

Atọ́kùn ètò yìí bi mí léèrè pé, kí ló dé tí iṣẹ́ tí a gbé fún ọpọlọ ayàwòrán inú kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní GPU, tí a sì fi owó gọbọi rà, a máa pẹ́ nígbà mìíràn ju bí a bá ti fi í sílẹ̀ fún ọpọlọ àgbà lọ? Ìbéèrè àgbà ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìṣirò kọ́ ni ó ń jẹ àkókò, ẹrù kíkó ni.

Ẹni tí ó bá mọ Apakun, ní ojú ọ̀nà tí ó ti Òṣòdì lọ sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ̀ òfurufú lè fi bíi wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ gbé ẹrù láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ akẹ́rù bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kí ó tó dé Òṣòdì, kí ni èrè gbogbo eré tí a sá lójú òfurufú? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti kọ̀ǹpútà. Ọpọlọ àgbà ní àká ìrántí tirẹ̀, ọpọlọ ayàwòrán ní tirẹ̀, ọ̀nà tóóró kan ni ó sì so wọ́n pọ̀.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Nínú ZX Spectrum, kọ̀ǹpútà kékeré tí ó jáde ní 1982, àká kan ṣoṣo ni ó wà. Byte 6,912 nínú rẹ̀ ni a yà sọ́tọ̀ fún àwòrán. Ọmọ tí ó bá gbọ́ èdè BASIC díẹ̀ lè fi àṣẹ POKE ju nọ́ńbà kan síbẹ̀, kí ó sì rí i lójú ẹsẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bá ẹnikẹ́ni kó ẹrù. Ṣùgbọ́n àjọlò ní ìnira tirẹ̀: nígbà tí apá tí ń yàwòrán bá ń ka àká náà lọ́wọ́, ọpọlọ tí ó bá fẹ́ fọwọ́ kan ibẹ̀ ní láti dúró. Nígbà tí aráyé wá ń fẹ́ àwòrán ńláńlá, a kọ́ ilé ọ̀tọ̀ fún un. GeForce 256 tí Nvidia gbé jáde ní 1999, tí ó sọ orúkọ náà GPU di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ní ìrántí tirẹ̀ lórí páálí tirẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti bá ìṣòro yìí pàdé ṣáájú. Ẹ̀rọ Connection Machine CM-2, tí ilé-iṣẹ́ Thinking Machines ní Massachusetts gbé jáde ní 1987, lè ní tó 65,536 ọpọlọ kéékèèké, olúkúlùkù pẹ̀lú ìrántí tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà mìíràn dúró níwájú rẹ̀ bí ọ̀gá, tí ń pàṣẹ fún un. Nítorí náà àwọn tí ń fi èdè Fortran kọ iṣẹ́ fún un ní láti fi í sọ́kàn pé iye kan wà lọ́dọ̀ ọ̀gá, iye kan sì wà nínú agbo. Lórí irú ẹ̀rọ yìí ni Philip Emeagwali, ọmọ Ìgbò tí a bí ní Àkúrẹ́ ní 1954, ti ṣe ìṣirò epo rọ̀bì inú ilẹ̀ tí ó fi gba ẹ̀bùn Gordon Bell ti 1989, ní ìsọ̀rí iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù lọ fún owó tí a ná. Àbùmọ́ ti pọ̀ jù lórí ìtàn ọkùnrin yìí. Àwọn kan ń pè é ní baba íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí ìtàn kò jẹ́rìí sí. Ẹ̀bùn yẹn nìkan tó ìyìn.

Ní 2007, Nvidia gbé CUDA jáde, kí àwọn tí ń kọ èdè C lè fi GPU ṣe ìṣirò lásán. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé iṣẹ́ ní láti tọrọ àyè nínú àká ọ̀hún, kó iye lọ, pàṣẹ, kí ó sì tún kó èsì bọ̀. Bí ó bá gbàgbé ìrìn kan, ẹ̀rọ lè fún un ní èsì èké láìkìlọ̀. CUDA 6 ti 2014 mú kí àdírẹ́sì kan ṣoṣo tó fún ọpọlọ méjèèjì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sí ibí yìí: orúkọ ni ó di ọ̀kan, àká ṣì jẹ́ méjì, ẹlòmíràn ni ó kàn ń ru ẹrù náà lẹ́yìn wa. Tesla P100 ti 2016 lè ka ìrántí tirẹ̀ ní 732 gigabyte láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀nà PCIe ìran kẹta tí ó so ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ mọ́ ọpọlọ àgbà kò kọjá bíi 16.

Èdè Python tún dá ọ̀ràn mìíràn sílẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni ó ń da ohun tí a kò lò mọ́ nù. Bí àkójọ iṣẹ́ méjì bá ń ka iye kan náà nínú GPU, ta ni yóò dà á nù, nígbà wo sì ni? Ní 2017 ni DLPack dé, àdéhùn kékeré tí kò kó ẹrù kankan. Ó kàn ń sọ ibi tí ẹrù wà, bí ó ti tò, irú nọ́ńbà tí ó jẹ́, àká tí ó wà nínú rẹ̀, àti ẹni tí a óò ké sí nígbà tí a bá lò ó tán. Lójú tèmi, èyí tí ó kẹ́yìn yẹn ni ọkàn àdéhùn náà. Àwọn ìyókù, àpèjúwe ni.

Ní 2020, Apple fi M1 dá ọpọlọ méjèèjì padà sí àká kan. Èyí kì í ṣe tuntun pátápátá, nítorí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká olówó pọ́ọ́kú tí à ń rà ní Computer Village ní Ìkẹjà ti ń bá àwòrán pín ìrántí tipẹ́. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ bi oníṣòwò ni pé èló ni yóò kù. M1 tí owó rẹ̀ kéré jù lọ ní gigabyte 8, ìpín àwòrán wà nínú rẹ̀, kò sì sí àyè láti fi kún un lẹ́yìn tí a bá ti rà á.